Bóòtù tó ń mì àti bóòtù tó há: èwo ni ti ráífù gidi?

Ọmọ Gbẹdẹ

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ di ìjà níbi ẹmu ní Ayétòrò Gbẹdẹ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun ló ń sọ̀rọ̀ ráífù Máàkì Fọ́ọ̀ tí wọ́n kó lé wọn lọ́wọ́ nígbà ogun abẹ́lé. Ó ní bóòtù rẹ̀, ìyẹn irin tí wọ́n ń fà sẹ́yìn tí wọ́n tún ń tì síwájú kí ọta lè wọlé, máa ń mì bí eyín ọmọ ọdún méje tó fẹ́ yọ, síbẹ̀ kò já òun kulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, ní Lọ́kọ́jà ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní irin tó bá ti ń mì ti gbó nìyẹn, pé ráífù Jámánì kò lè mì láé, ńṣe ló ń wọlé bí ọbẹ ṣe ń wọ òrí. Wọ́n ti fi agbè ẹmu kan ta tẹ́tẹ́ lé e. Ta ló jàre?

* * *

Àmọ́rà Kàbà

Àwọn méjèèjì jàre, àwọn méjèèjì sì jẹ̀bi. Ẹ má tíì ju òkúta.

Iṣẹ́ àmọ́rà ni mo ṣe ní bárékè, ẹni tó ń tún ìbọn ṣe, kí n tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀dì sí Kàbà. Àbúrò, ìbéèrè yín fúnra rẹ̀ ló wọ́. Ẹ ní ṣé kí bóòtù há ni àbí kí ó mì. Níbo? Nígbà wo? Bóòtù ní ọ̀nà tó ń rìn, ó sì ní ilé tó ń dé. Lójú ọ̀nà, kò gbé ẹrù kankan. Ìgbà tó bá délé, tí wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, tí etí rẹ̀ méjèèjì, irin kéékèèké tó yọ síta lára rẹ̀, wọ ihò wọn, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Táyà mọ́tò yín, fọkanáísà á fún un ní bíi 32 nínú géèjì rẹ̀. Bí ẹ̀tù bá bú nínú ọta 7.62, ohun tó wà níbẹ̀ lé ní 50,000 nínú géèjì kan náà, etí irin méjì yẹn ló sì dúró láàárín rẹ̀ àti ojú ẹni tó ń yìnbọn.

Nítorí náà, kí ó yọ̀ lọ́nà, kí ó dúró gbọn-in nílé. Bàbá yẹn fa bóòtù sẹ́yìn tán kó tó rí i pé ó ń mì. Ojú ọ̀nà ló ti bá a.

Ti ẹ̀gbọ́n yín ti Lọ́kọ́jà: mo ti di Mauser, ráífù Jámánì yẹn gan-an, mú. Jámánì gbà á sílé iṣẹ́ ológun ní 1898, òun náà ń mì tí ẹ bá fà á débi tó máa dé. Ẹ fa dúróà tábìlì yín síta tán, kí ẹ wò ó bóyá kò ní mì. Ìdí rẹ̀ nìkan ló kù nínú pákó, kí ni yóò di ìyókù mú? Ohun tí àwọn Mauser ṣe sí i ni igi irin gígùn kan tí wọ́n yọ sí ara bóòtù láti máa tọ́ ọ sọ́nà, kí ó má baà há tí èèyàn bá ti ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Wọn kò dí àyè tó yí i ká. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó ń yọ̀ bí òrí lóòótọ́, Krag ti Norway ni kí ẹ bèèrè. Etí kan ṣoṣo ló sì ní níwájú, kì í ṣe méjì.

* * *

Ọdẹ Bùnú

Ẹ̀gbọ́n Àmọ́rà, ẹ ń fi gírámà pa wá. Ṣakabùlà bàbá mi kò ní bóòtù, kò ní etí, ọta inú rẹ̀ ń yí gbiri gbiri. Ó ti pa ẹfọ̀n.

* * *

Àmọ́rà Kàbà

Ọdẹ, mo kí yín, okun o. Ẹfọ̀n yẹn ń pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ ọ́.

Ṣakabùlà kò bá ọ̀rọ̀ yìí jẹ rárá. Ẹnu ni ẹ ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sínú rẹ̀, ìdí rẹ̀ ti dí látọjọ́ tí alágbẹ̀dẹ ti dí i. Kò sí ohun tó ń ṣí tó ń pa dé. Ọta tó ń yí gbiri yẹn, àlàfo etí rẹ̀ ni èéfín ń gbà sá lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹran. Àwọn tó kọ òfin ìbọn ní 1959 mọ̀ pé ìdílé ọ̀tọ̀ ni: apá kan ni wọ́n ka ṣakabùlà sí, apá mìíràn tí aráàlú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ni wọ́n ka ráífù ológun sí.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ níbí nítorí mo mọ ilé mi. Ẹnì kan ti gbé ìbọn alágbẹ̀dẹ kan tó ní bóòtù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi rí, ó ní kí n bá òun fi wẹ́dà kún etí rẹ̀ kí ó lè há dáadáa. Mo ní kí ó gbé e kúrò níwájú mi. Irin tí a fi wẹ́dà rọ̀ kò le bí irin tí wọ́n ti sè nínú iná ilé iṣẹ́. Ó máa há lọ́wọ́ yín lónìí, ọ̀la ó jáde sí yín lójú.

* * *

Ìnjíníà Lọ́kọ́jà

Èmi ni ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń sọ. Bọ̀dá Àmọ́rà, mo gba ti dúróà, ṣùgbọ́n ẹ kò dáhùn ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ayé mọ̀ pé AK kì í kọ iṣẹ́ nítorí pé ó rọ̀, M16 àwọn Amẹ́ríkà kọ iṣẹ́ ní Vietnam nítorí pé ó há. Èyí tó há ló ń ta ọta sójú kan, èyí tó rọ̀ ló ń fara da ẹrẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan, á pàdánù èkejì. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn.

* * *

Àmọ́rà Kàbà

Wọ́n kọ́ yín ní ìdajì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí AK. Òótọ́ ni pé àyè pọ̀ nínú rẹ̀. Irin ńlá tó gbé bóòtù rẹ̀ lórí ń sáré lórí ojú irin méjì, ẹ lè fi èékánná gbọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mìíràn tó wà pẹ̀lú rẹ̀: irin yẹn wúwo, afẹ́fẹ́ tó ń tì í sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ó bá pàdé iyanrìn, ó ní agbára tó fi máa wọ́ ọ kọjá. Ẹ bu àyè yẹn kan náà sí ìbọn tí agbára rẹ̀ kéré, á dúró. Ní orí bóòtù AK, níbi tí etí rẹ̀ ti ń yí wọ ilé, kò sí ìrọ̀rùn kankan níbẹ̀. Kalashnikov tó ṣe AK kò ya wèrè.

Ta ló sì sọ pé AK kì í kọ iṣẹ́? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ihò gbọọrọ kan wà níbẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó ń dá ìbọn dúró kó má yìn ló ń bò ó. Tí ẹ bá rẹ irin yẹn wálẹ̀ láti yìnbọn, ihò ti là. Ẹ wá fi ẹrẹ̀ ojú odò sí i. Mo ti fi ẹ̀ka igi tú u rí.

M16 wàyí. Àwọn èèyàn fẹ́ràn ìtàn pé ó há jù, ó dùn ún sọ. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà jókòó lé e ní 1967. Ohun tó yọ síta ni pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀tù inú ọta sí irú mìíràn, wọn kò fi krómíọ̀mù bo ilé ọta, ihò tí ọta ń jókòó sí, kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́ nínú òjò ibẹ̀, àwọn ọmọ ogun kò sì rí ohun ìnubọn gbà tó. Kòròfo ọta ń lẹ̀ mọ́ inú ilé ọta, kò jáde, òmíràn á sì máa fi imú gbá a lẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n fi krómíọ̀mù bo ibẹ̀, tí wọ́n pààrọ̀ bọ́fà, irin tó ń gba bóòtù lẹ́yìn, tí wọ́n pín ohun ìnubọn, ọ̀rọ̀ rọlẹ̀. Ṣé àyè bóòtù ni wọ́n fẹ̀ níbẹ̀?

Bí ẹ bá fẹ́ ìbọn tó jọ ìtàn yín, Ross ni kí ẹ mú. Kánádà ló kó o lọ sójú ogun ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1915. Ó ń ta ọta sójú kan bí abẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó jà á. Ṣùgbọ́n ilé ọta rẹ̀ fún, ọta tí wọ́n kó fún wọn kò sì dọ́gba. Tí ó bá gbóná, bóòtù á gan, àwọn ọmọ ogun á máa fi gìgísẹ̀ bàtà ta ọwọ́ bóòtù kó lè ṣí. Tí wọ́n bá rí Lee-Enfield lára òkú ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sọ Ross nù. Ẹ fi ojú sí èyí o: Lee-Enfield yẹn, òun ni ìyá Máàkì Fọ́ọ̀ bàbá Gbẹdẹ, òun náà ló ń mì. Títí di 1916 wọ́n ti gba Ross kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ayìnbọn-jìnnà nìkan, àwọn tó ráyè nu ìbọn kí wọ́n tó yìn ín.

Etí bóòtù Ross tún ní àrùn tirẹ̀ o. Irin tó ń dá bóòtù dúró lẹ́yìn ń gbá ọ̀kan nínú etí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fà á. Etí náà á wú díẹ̀ díẹ̀, á wá há. Ẹni tó ń wò ó á ní wọ́n ṣe é há ju bó ṣe yẹ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Rárá o, lílù ló lù ú wú.

* * *

Bọ́mà Lọmọ

Bàbá bàbá mi, ọmọ Ìsánlú, wà lára àwọn tó lọ Bọ́mà. Ohun tó máa ń sọ ni pé òjò ibẹ̀ kì í dá, ẹrẹ̀ dé ìbàdí, síbẹ̀ ìbọn àwọn ń ṣí. Ó ní iṣẹ́ àwọn ni láti fi aṣọ di ẹnu ìbọn. Mo kàn sọ ọ́ ni.

* * *

Àmọ́rà Kàbà

Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Lee-Enfield ni wọ́n kó fún dífíṣọ̀n 81 àti 82 tí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi jà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá sọ: wọ́n ń fi aṣọ di ẹnu rẹ̀. Ìbọn tó ní àyè, wọ́n ṣì ń dáàbò bò ó.

Ẹ̀rún àti ọyẹ́ tiwa níbí, ọ̀tọ̀ ni. Èyí tó ń da àwọn ọmọ tuntun láàmú ni pé wọ́n á rẹ ìbọn sínú ọ́ìlì. Ẹ bu ọ́ìlì sí àwo kan, ẹ gbé e sí ẹ̀bá ọ̀nà Ọ̀bájànà ní oṣù kìíní ọdún, kí ẹ padà wá wò ó nírọ̀lẹ́. Ẹ óò bá àmàlà níbẹ̀. Ohun tí a fi ń lọ fáàlù ẹ́ńjìnnì ní ṣọ́ọ̀bù kò yàtọ̀ sí i, ọ́ìlì àti iyanrìn tó kúnná. Nígbà ọyẹ́, ẹ nù ún títí yóò fi dà bíi pé ó gbẹ.

Ráífù FAL tí a ń lò nígbà kan, èyí tí ilé iṣẹ́ ìjọba ní Kaduna tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 ń ṣe, iyanrìn aṣálẹ̀ dà á láàmú lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó lò ó níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ní irú rẹ̀ kò gbọ̀n ọ́n fẹ̀. Wọ́n gé ojú àgbàrá wẹ́wẹ́ sí ara irin tó gbé bóòtù, kí iyanrìn lè rí ibi bọ́ sí. Ìnjíníà, ẹ fọkàn sí èyí. Irin náà kò rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdọ̀tí ni wọ́n ṣe ilé fún.

* * *

Ìnjíníà Lọ́kọ́jà

Ojú àgbàrá yẹn mú ọgbọ́n dání, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì ń sá fún un: tí etí bóòtù bá ń jẹ díẹ̀ díẹ̀, ó ń mì sí i nìyẹn. Mímì ni àmì gbígbó.

* * *

Àmọ́rà Kàbà

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣojú mi. Bárékè kan ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kí rìkúrúùtù kan fọ bóòtù ráífù G3 mẹ́wàá. Ọmọ náà ṣiṣẹ́ àṣejù. Ó tú gbogbo wọn palẹ̀, ó dà wọ́n sínú ọpọ́n kan ṣoṣo, ó da kẹrosíìnì lé wọn lórí, ó ń fọ̀ wọ́n bí ẹni ń fọ irú. Ìgbà tí mo dé, mi ò mọ orí ta ló wà lọ́rùn ta. Kọ́púrà tó dúró tì í ní kí n kàn tò wọ́n padà, ṣebí ẹ̀rọ kan náà ló ṣe gbogbo wọn.

G3 kò ní etí bíi ti Mauser. Rólà wẹ́wẹ́ méjì ló ń yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bóòtù rẹ̀ tí wọ́n ń wọ ihò. Tí ó bá ti pa dé, àlàfo kan gbọ́dọ̀ kù láàárín orí bóòtù àti ara rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dín ní 0.1 mílímítà, kò gbọdọ̀ ju 0.5 lọ. Fílà géèjì la fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe fìlà tí à ń dé o, ewé irin pẹlẹbẹ tí mẹkáníìkì yín fi ń wọn tápẹ́ẹ̀tì ni.

Mo jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Méje ní nọ́ńbà lára, mo dá wọn padà fún ìbọn tó ni wọ́n. Mẹ́ta, nọ́ńbà wọn ti parẹ́. Mo to àkọ́kọ́, mo ti ewé 0.1 bọ̀ ọ́, ó wọ̀. Èkejì wọ̀. Ẹ̀kẹta kọ̀, ewé náà tẹ̀ kọrọdọ lọ́wọ́ mi. Mo fi pàṣípààrọ̀ ẹ̀kẹta àti àkọ́kọ́, mo tún wọ̀n wọ́n, méjèèjì gbà á.

Ní báyìí, èyí tó kọ̀ yẹn, tí ẹ bá fọwọ́ gbá a mú, òun ló há jù nínú àwọn mẹ́ta. Kọ́púrà ní òun ló dára jù. Òun gan-an ló léwu. Nínú G3, bí rólà àti ilé rẹ̀ ṣe ń jẹ ni àlàfo yẹn ń tán, tó bá tán pátápátá, bóòtù kò dúró ti ìdí ọta mọ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n á pààrọ̀ rólà sí èyí tó sanra díẹ̀ kí àlàfo lè padà wá. Ìnjíníà, ìbọn rèé tí gbígbó rẹ̀ ń mú un há.

* * *

Ọmọ Gbẹdẹ

Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, "ìdí ọta" tí ẹ dárúkọ yẹn, kí ló ń ṣe níbẹ̀?

* * *

Àmọ́rà Kàbà

Òun ni ìbéèrè tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi mí. Tí bóòtù bá ti pa dé, ó ku àyè kékeré kan láàárín ojú bóòtù àti ìdí ọta. Tí kò bá sí rárá, bóòtù kò ní pa dé lórí ọta tó bá gùn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìwọ̀n irun. Tí ó bá pọ̀ jù, ọta á fò sẹ́yìn nígbà tí ẹ̀tù bá bú, kòròfo rẹ̀ á nà, á fà ya nítòsí ìdí, iná á wá ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Géèjì méjì la ń lò. Ọ̀kan, bóòtù gbọ́dọ̀ pa dé lé e lórí. Èkejì, kò gbọdọ̀ pa dé lé e. Fún ọta .308, 1.630 ínṣì ni àkọ́kọ́, 1.634 ni èkejì. Ẹ ya bébà kan ṣoṣo nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ yín, kí ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò. Ìnípọn rẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìbọn tó dára àti èyí tí a ó gbé sẹ́yìn.

Máàkì Fọ́ọ̀ bàbá, orí bóòtù rẹ̀ ń tú kúrò. Wọ́n ṣe é ní ìwọ̀n mẹ́rin, 0, 1, 2, 3, èyí tó tẹ̀ lé òmíràn á gùn jù ú lọ díẹ̀. Tí àyè bá ti pọ̀, àmọ́rà á tú 1, á fi 2 sí i. Ó lè máa mì lẹ́yìn bó ṣe wù ú.

* * *

Ìyá Ẹlẹ́rọ Ìyàrá

Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ìbọn, ìbọn. Àmọ́rà, ẹ̀rọ ìlọta mi tí ọmọ iṣẹ́ yín fi búùṣì tuntun, òrùka tí ọ̀pá rẹ̀ ń yí nínú, sí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lọ ata bíi ìṣẹ́jú ogún, ó gan. Mo pa á, ó tutù, ó tún yí. Mo tan án, ó tún gan. Ọmọ yẹn ní ó há ni, pé ó máa rọ̀ fúnra rẹ̀.

* * *

Àmọ́rà Kàbà

Ìyá, ẹ ṣe pẹ̀lẹ́. Kò ní rọ̀ fúnra rẹ̀, á jẹ ọ̀pá yín ni. Ẹ má tan án mọ́.

Mo ti mọ ohun tó ṣe. Ó gbẹ́ búùṣì sí ìwọ̀n ọ̀pá gan-an, ó rí i pé ó yọ̀ lọ́wọ́, inú rẹ̀ dùn, ó fi òòlù gbá a wọlé. Ó gbàgbé nǹkan méjì. Búùṣì tí wọ́n gbá wọ ilé tó fún, inú rẹ̀ náà á sún díẹ̀. Ọ̀pá irin 25 mílímítà tó bá fi 100 gbóná sí i lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ̀sì sì máa wú ní 0.03 mílímítà. Àyè tó fi sílẹ̀ fún un kò tó ìyẹn. Ìnjíníà, ẹ rí i? Ross rèé ní Ìyàrá.

* * *

Ìnjíníà Lọ́kọ́jà

Mo rí i. Èmi náà ti ṣe irú búùṣì bẹ́ẹ̀ rí, n kò jẹ́ sọ fún àbúrò mi.

* * *

Ọmọ Gbẹdẹ

Mo ti rí i báyìí o, bọ̀dá. Bàbá Àmọ́rà, kí ni kí n sọ fún wọn lọ́jọ́ Sátidé?

* * *

Àmọ́rà Kàbà

Ẹ bi bàbá ní ìbéèrè kan péré: nígbà tí ó ti bóòtù náà síwájú, tí ó yí ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ tán, ṣé ó ṣì ń mì bíi ti ẹ̀yìn? Tí ó bá ní ó dúró, òun ló jẹ ẹmu. Tí ó bá ní ó ń mì síbẹ̀, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó délé.

Ìyá Ẹlẹ́rọ, ẹ gbé búùṣì àti ọ̀pá náà pọ̀ wá, ẹ má gbé búùṣì nìkan. Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ wá, mo ń lọ Mọ̀pà lọ́jọ́ Ẹtì. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ló máa sanwó rẹ̀.

* * *

Ọmọ Gbẹdẹ

Mo ti bi bàbá. Ó wò mí títí. Ó ní nígbà tí òun bá ti yí ọwọ́ bóòtù wálẹ̀, ọ̀tá wà níwájú, ta ló tún ráyè gbọ̀n ọ́n wò? Wọ́n ti mu agbè náà tán kí n tó dé.